Ẹ má pa Kaze no Denwa tì torí pé ẹ ò rí omi níbẹ̀

Ẹni tó béèrè bóyá kóun ṣì máa wo Kaze no Denwa (fíìmù Japan tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí "Tẹlifóònù Afẹ́fẹ́") lọ, torí pé òun ti wo wákàtí kan láìrí omi òkun: ẹ máa wò ó lọ. Omi ò ní ya níbẹ̀ títí tí fíìmù náà á fi parí. Nobuhiro Suwa, tó darí rẹ̀ tó sì gbé e jáde ní 2020, kò bá ti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2011 wá, ọjọ́ tí ilẹ̀ mì tìtì tí omi òkun sì ya bo etíkun Japan. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ìgbà yẹn ló ń sọ.

Omi yẹn gbé bàbá, ìyá àti àbúrò Haru, ọmọbìnrin tí fíìmù náà dá lé, lọ ní Otsuchi, ìlú etíkun kan ní àríwá ìlà oòrùn Japan, wọn ò sì rí òkú wọn. Ibí yìí ni kí ẹ dì mú. Ẹni tí wọn ò rí òkú rẹ̀, wọn ò lè sin ín, ọmọ rẹ̀ ò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ó ti kú. Ní gbogbo Japan, àwọn tí wọn ò rí títí dòní lé ní 2,500. Ìdí nìyẹn tí Haru fi dákẹ́ báyẹn. Serena Motola tó ṣe Haru ò fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe ẹwà rárá.

Láti agbègbè Hiroshima ni Haru ti gbéra lọ sí Otsuchi, ó ń bẹ onímọ́tò kiri kí wọ́n gbé òun, ọ̀nà tó lé ní 1,000 kìlómítà. Hiroshima ò ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀ o: ibẹ̀ ni wọ́n ju bọ́ǹbù sí ní 1945, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí Suwa sí. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé Haru ń gbé níbi tí òjò ńlá ti ba ilé jẹ́. Morio, tí Hidetoshi Nishijima ṣe, ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà ní Fukushima, èyí tí omi ọdún 2011 yẹn bà jẹ́. Inú ọkọ̀ ló ń sùn. Àwọn ará Kurd, ẹ̀yà kan láti agbègbè Tọ́kì, tí Haru àti Morio yà lọ́dọ̀ wọn náà ń retí ẹni tiwọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé oúnjẹ ni àwọn tó pàdé Haru máa ń gbé síwájú rẹ̀. Ẹ má fo ibi tí wọ́n ti ń jẹun, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ti fẹ́ fipá mú un nìkan ló dà bíi pé wọ́n sáré ṣe é. Kò bá ìyókù mu.

Ìṣẹ́jú 139 ni fíìmù náà. Ẹ má mú un yára, ẹ má sì pín in sí ọjọ́ méjì, torí àárẹ̀ ọ̀nà yẹn gbọ́dọ̀ wà lára yín kí ẹ tó dé òpin. Suwa kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ sẹ́nu òṣèré. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́, nítorí náà ìtumọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Ibi tí ẹ ti lè dán an wò ni Fukushima, lọ́dọ̀ òṣèré Toshiyuki Nishida, tí òun náà jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń lọ láìdúró tí ìtumọ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.

Ohun tó sábà máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni àkọlé. Wọ́n rò pé tẹlifóònù ni Haru ń lọ bá látìbẹ̀rẹ̀. Rárá o: ilé ló ń lọ, ìpìlẹ̀ ilé nìkan ló sì bá. Tẹlifóònù náà wà lóòótọ́ ní Otsuchi. Itaru Sasaki ló gbé e kalẹ̀ sínú ọgbà rẹ̀ ní 2010 lẹ́yìn ikú ìbátan rẹ̀ kan, kó lè máa bá olóògbé náà sọ̀rọ̀. Dúdú ni, ti oníyíyí àtijọ́, kò sì so mọ́ wáyà kankan. Kò sí ẹ̀mí òkú tó ń dáhùn níbẹ̀, fíìmù náà ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Haru bá gbé e, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ (headphone) sétí, torí èémí rẹ̀ àti ariwo afẹ́fẹ́ jọ ń sọ̀rọ̀ ni, Motola ló sì ń wá ọ̀rọ̀ yẹn sọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣòfò, ẹ má dá a wò.