Moodle, Google Classroom àbí Canvas: ibo ni máàkì àwọn ọmọ yóò máa gbé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igbákejì ọ̀gá àgbà ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Akẹ́kọ̀ọ́ wa jẹ́ 210, olùkọ́ 16. Láti ìgbà Kòrónà ni a ti ń fún àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àṣetiléwá lórí WhatsApp, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ kan ní ká lọ sí Google Classroom. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní Moodle ni kò lẹ́gbẹ́. Ẹlòmíràn tún dárúkọ Canvas. Èwo nínú àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà wọ̀nyí ló dára jù fún iṣẹ́ àṣetiléwá, tẹ́ẹ̀sì àti ìṣirò máàkì? Ẹ má gbàgbé pé ẹ̀yìn òkè Olósùnta la wà o, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kò ṣeé fọkàn tán.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ náà, mà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní nǹkan kan, kí ẹ sì bi àwọn olùkọ́ yín náà ní ìpàdé tó ń bọ̀: lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kọ káàdì èsì ní òpin sáà, níbo lẹ ti ń rí máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan? Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé tí mo ti bá ṣiṣẹ́ láti Adó dé Ìkọ̀lé, tẹ́ẹ̀sì kìíní wà nínú nóòtù olùkọ́, ìkejì wà lórí WhatsApp, ti ìdánwò wà nínú Excel lórí kọ̀ǹpútà ẹnì kan tó ti gba ìsinmi lọ sílé. Ohun yòówù tí ẹ bá yàn, bí kò bá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sójú kan, wàhálà lẹ kàn fi kún wàhálà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ ló lè gba iṣẹ́ àṣetiléwá. Ibi tí ọ̀nà wọn ti pínyà ni tẹ́ẹ̀sì àti ìṣirò máàkì.

Ní ti iṣẹ́ àṣetiléwá, Google Classroom ló rọrùn jù, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Láti 2014 ló ti wà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ sì ti ní Gmail kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ á gbé ìwé kan síbẹ̀, Classroom á ṣe ẹ̀dà tirẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó fi báírò kọ tirẹ̀ á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́. Olùkọ́ á máàkì í, á sì kọ ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn nìkan máa rí, kò ní dà bíi ti WhatsApp tí gbogbo kíláàsì á ti mọ ẹni tó gba òdo kó tó di alẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan tó láti mọ̀ ọ́n lò. Ọjọ́ orí nìkan ni kí ẹ ṣọ́: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò lè dá ṣí àkáǹtì Google fúnra rẹ̀, JSS1 yín yóò sì kún fún irú wọn. Google Workspace for Education ló ń yanjú ìyẹn, torí ilé-ìwé ló ń ṣí àkáǹtì fún wọn níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìpele rẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ tó bá kún ojú òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù tiyín.

Canvas ni mo fẹ́ràn jù láti fi máàkì àròkọ. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní SpeedGrader: iṣẹ́ ọmọ wà lápá kan, àpótí máàkì wà lápá kejì, ẹ tẹ ọfà kan, iṣẹ́ ọmọ tó kàn á jáde. Ẹni tó bá ti máàkì àròkọ 70 lálẹ́ ọjọ́ kan yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni Canvas ń gbé. Lóòótọ́ wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ńlá ni, kì í ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé tí kò ní ẹnjiníà tó ń gbowó oṣù. Ẹ̀yìn Olósùnta lẹ sọ pé ẹ wà. Ẹ jẹ́ ká fi Canvas sílẹ̀.

Ó ku Moodle. Martin Dougiamas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ọsirélíà, ẹ̀dà kìíní sì jáde ní 2002. Kò lẹ́wà. Olùkọ́ tó bá kọ́kọ́ ṣí i á fajúro, torí ohun tí wọ́n ń béèrè lójú kan ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ó ní ohun kan tó bá Èkìtì mu: ẹ lè wa gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ọmọ fi sílẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú tábìlì orúkọ wọn, kí ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ máàkì í láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ kọ máàkì sínú tábìlì náà, kí ẹ sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Àléébù rẹ̀ kan rèé tó ti dójú ti ọ̀pọ̀ ènìyàn: bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Moodle kalẹ̀, PHP, èdè kọ̀ǹpútà tó gbé e ró, sábà máa ń kọ fáìlì tó bá ju 2MB lọ. Fọ́tò tí fóònù òde òní ń yà lè tó 4MB. Àwọn ọmọ á máa ké pé "kò lọ o", olùkọ́ á rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ìlà méjì péré ni ẹni tó gbé e kalẹ̀ máa yí padà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un.

Ẹ wá jẹ́ ká dé orí tẹ́ẹ̀sì. Láti 2015 ni JAMB ti fi ìdánwò orí bébà sílẹ̀ pátápátá, torí náà àwọn òbí SS3 yín á fẹ́ kí ọmọ wọn mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè lójú kọ̀ǹpútà tí aago ń lọ. Classroom kò ní ìdánwò tirẹ̀. Google Forms ló ń yá lò. Forms ń máàkì ọ́bjẹ́ẹ̀tífù fúnra rẹ̀, ó sì ń dá máàkì padà sínú Classroom. Fún tẹ́ẹ̀sì ìbéèrè 10 ní òpin ọ̀sẹ̀, ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní aago tirẹ̀ tó ń sọ pé "àkókò ti tó", kò sì ní àpótí tí ẹ lè kó ìbéèrè pamọ́ sí kó máa ṣa fún yín. Ó lè po ìbéèrè pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni ọmọ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń rí, ìyàtọ̀ kò ju pé ìbéèrè 3 tẹni yìí ni ìbéèrè 9 tẹni yẹn.

Ti Moodle yàtọ̀. Olùkọ́ Bàọ́lọ́jì lè kó ìbéèrè 120 sínú àpótí ìbéèrè láàárín sáà méjì, kó ní kí Moodle máa fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní 40 tó bá ṣa jáde, fún ìṣẹ́jú 45. Bí fóònù ọmọ bá kú láàárín, ó lè wọlé lórí òmíràn, á sì bá èyí tó ti dáhùn níbẹ̀, torí Moodle ń tọ́jú ìdáhùn ní bíi ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan. Aago kò ní dúró dè é ṣá. Ní ti tíọ́rì, olùkọ́ lè máàkì ìdáhùn gbogbo ọmọ sí ìbéèrè 3 tán kó tó bọ́ sí ìbéèrè 4. Èyí máa ń jẹ́ kí máàkì dọ́gba; ọwọ́ tí ènìyàn fi ń máàkì ìwé kìíní kọ́ ló ń fi máàkì ìwé àádọ́ta.

Olùkọ́ tí kò fẹ́ràn kọ̀ǹpútà náà lè ṣe ìbéèrè fún Moodle. Inú Notepad ni yóò kọ ọ́ sí, báyìí:

Kí ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkìtì?
A. Ìkẹ́rẹ́
B. Adó
C. Ìkọ̀lé
D. Ìjerò
ANSWER: B

(Ẹ má bínú sí mi, mà, mo mọ̀ pé Ìkẹ́rẹ́ lẹ wà.) Aiken ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Lẹ́tà ńlá ni ANSWER gbọ́dọ̀ jẹ́, ìlà òfo kò sì gbọdọ̀ wà láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún olùkọ́ Yorùbá yín kó tọ́jú fáìlì náà ní UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìtọ́jú fáìlì tó mọ lẹ́tà Yorùbá. Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ lè di àmì tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Olùkọ́ Yorùbá yìí kan náà, ẹ bá mi gbà á nímọ̀ràn kó má lo ìbéèrè tí ọmọ yóò ti fọwọ́ tẹ ìdáhùn, yálà ní Moodle tàbí ní Forms. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọkọ̀ ni ọmọ ní lọ́kàn nígbà tó tẹ "oko" lórí fóònù tí kò ní àmì ohùn. Òdo ni yóò fún un, ọmọ náà á sì sunkún láìjẹ̀bi. Kó lo A, B, C, D.

Ìdí tí mo fi ń ti Moodle lẹ́yìn fún irú ilé-ìwé yín gan-an ni pé kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú yàrá kọ̀ǹpútà, kí ẹ so ó mọ́ ráútà, kí àwọn ọmọ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yòókù wọlé sí i lórí Wi-Fi ilé-ìwé. Dátà kankan kò lọ sí i. Láàpútọ́ọ̀pù ni mo máa ń lò fún sáfà bẹ́ẹ̀ (kọ̀ǹpútà tó gbé Moodle dání nìyẹn), torí bátìrì rẹ̀ á dúró nígbà tí iná bá lọ. Ẹ ṣáà wá ohun tí yóò gbé ráútà náà ró. Ráútà kékeré tí à ń lò nílé yóò rẹ̀ tí fóònù 60 bá kọlù ú lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kíláàsì kan kan ni kí ẹ máa mú wọlé.

Ojú mi ti rí nǹkan lórí èyí. Ní ilé-ìwé kan tí mi ò ní dárúkọ, ògbólógbòó kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan tí kò ní bátìrì tó lè gbé e ró ni mo fi ṣe sáfà. Iná lọ láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ó dé, gbogbo nǹkan tún tàn, ṣùgbọ́n Moodle ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìdánwò kò tíì ṣí. Mo tú pásíwọ́ọ̀dù, mo tú ráútà, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ tú òrùlé. Bátìrì kékeré tó dà bí owó ẹyọ nínú kọ̀ǹpútà náà ló ti kú, aago rẹ̀ sì ti padà sí ọdún 2010. Láti ọjọ́ yẹn, aago ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.

Ní ti ìṣirò máàkì, 40 fún tẹ́ẹ̀sì, 60 fún ìdánwò, bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa ṣe ń ṣe é, Moodle àti Classroom ló lè ṣe é. Ní Classroom, ẹ ó pín iṣẹ́ sí ẹ̀ka, ẹ ó fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n, àpapọ̀ wọn yóò sì jẹ́ 100. Ní Moodle, ẹ lè yọ A, B, C tó bá wá kúrò, kí ẹ fi A1 sí 75, B2 sí 70, B3 sí 65, títí dé F9, bí WAEC ṣe ń kà á. Àwọn olùkọ́ máa ń dunnú sí èyí ju ohunkóhun lọ.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó jìn sí i. Ká ní tẹ́ẹ̀sì méjì lẹ ṣe, 20 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan ṣe méjèèjì, ó gba 18 àti 14, àpapọ̀ 32 nínú 40, ìyẹn 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ kejì gba 18 nínú tẹ́ẹ̀sì kìíní, ó sá fún ìkejì. Bí Moodle ṣe wà látilẹ̀, kì í ka ibi tó ṣófo, nítorí náà 90 ni yóò kọ fún ìsáǹsá yìí! Ẹni tó sá ṣáájú ẹni tó dúró. Ẹ wọ ìtọ́ni ẹ̀ka máàkì, kí ẹ yọ àmì kúrò lára "Exclude empty grades". Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá lóòótọ́, ẹ lè yọ òun nìkan kúrò nínú ìṣirò tẹ́ẹ̀sì náà. Classroom náà kì í ka iṣẹ́ tí ẹ kò tíì máàkì. Ẹ gbọ́dọ̀ rí i pé òdo wọ ibẹ̀. Canvas lè fi òdo sí i fúnra rẹ̀ tí ẹ bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tó jẹ́ kó máa wù mí nìyẹn.

Nítorí náà, mà, èrò mi rèé. Tí ẹnì kan bá wà láàárín yín tí ọwọ́ rẹ̀ yá sí kọ̀ǹpútà, ẹ gbé Moodle sínú yàrá kọ̀ǹpútà, kí tẹ́ẹ̀sì, ìdánwò àti gbogbo máàkì máa gbé ibẹ̀. Ẹ fi SS2 àti ẹ̀kọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ ní sáà kan. Tí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ mú Classroom àti Forms, kí ẹ má tijú. Èyí tí àwọn olùkọ́ ń lò sàn ju èyí tí eruku ti bò lọ. Ẹ lè lo Classroom fún iṣẹ́ àṣetiléwá kí ẹ sì lo Moodle fún tẹ́ẹ̀sì, ṣùgbọ́n kí ìwé máàkì jẹ́ ẹyọ kan. Ta ló ń gún iyán sínú odó méjì fún ọbẹ̀ kan?

Èyí tó wù kí ẹ yàn, ẹ máa wa máàkì jáde sórí flash ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbára lé Edmodo, tó jẹ́ irú ètò yìí kan náà. Nígbà tó di September 22, 2022, wọ́n tì í pa. Àti nǹkan kan sí i: ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, kọ́pà ló ń mójú tó sáfà, ọdún kan sì ni ìsìn kọ́pà. Ẹ jẹ́ kó kọ pásíwọ́ọ̀dù sínú àpòòwé, kí ẹ tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì yín, kí olùkọ́ kan tó jẹ́ ti ilé-ìwé sì ti fi wọlé lójú yín kí kọ́pà náà tó di ẹrù rẹ̀.