Kápásítọ̀ sáfà wa ti wú, bọ́ọ̀dù wo ni ká rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Èmi ni mò ń mójútó kọ̀ǹpútà ilé ìwé aládàáni kan l'Óṣogbo níbí. Sáfà tá a fi ń tọ́jú rẹ́sọ́ọ̀tì àwọn ọmọ àti ìṣirò owó ilé ìwé ti ń ṣe ségesège, á kàn kú fúnra ẹ̀, á tún tan padà. Nígbà tí mo tú u, mo rí àwọn nǹkan roboto kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí orí wọn ti wú, ọ̀kan tiẹ̀ ti ń yọ nǹkan bí omi ìpẹtà. Rípíárà wa ní kápásítọ̀ ni, òun lè pààrọ̀ ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ni ilé ìwé ní ká kúkú ra bọ́ọ̀dù míì, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́. Mo dé Computer Village n'Íkẹjà, wọ́n kó bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ lóríṣiríṣi síwájú mi, gbogbo ẹ̀ ló ń dán. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó dáa?
Bàbá Ìbejì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú wàhálà o. Ká tó sọ ti bọ́ọ̀dù rárá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kó rẹ́sọ́ọ̀tì àwọn ọmọ yẹn sórí nǹkan míì lónìí, sáfà tó ń kú fúnra ẹ̀ lè ba fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ jẹ́ nígbàkigbà.

Ó dáa. CPU kì í fa iná ní ìwọ̀n kan náà, á fa díẹ̀, á tún fà á lójijì, kápásítọ̀ tó yí i ká ló ń gba iná jọ tó ń tú u sílẹ̀ kó lè máa dé bẹ́ẹ̀ láìṣẹ́jú. Irú tiyín yẹn lómi nínú. Tí omi yẹn bá ti ń bàjẹ́ á máa di gáàsì, gáàsì ló ń ti orí ẹ̀ sókè. Ẹ tún un wò dáadáa, ẹ máa rí ìlà tí wọ́n fà sórí ẹ̀ bíi lẹ́tà K tàbí àgbélébùú, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fà á síbẹ̀ ni, kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa là, kó má lọ bú gbàmù.

Ẹ̀yin kọ́ ni yóò kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí o. Láti nǹkan bí 1999 títí wọ 2007, kápásítọ̀ tí omi inú wọn ò pé èròjà ya wọ ọjà, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wá láti Taiwan, bọ́ọ̀dù sì ń kú káàkiri ayé. Ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi gbé e lẹ́nu pé ti Japan nìkan lèèyàn ń rà, Nichicon, Rubycon, Nippon Chemi-Con, Panasonic. Ìmọ̀ràn tó dáa ni, èmi náà máa ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí: kọ̀ǹpútà Dell OptiPlex GX270 tó dárúkọ gan-an nígbà náà, Nichicon ló ṣe púpọ̀ nínú kápásítọ̀ tó wú lórí ẹ̀, ní 2005 Dell ya 300 mílíọ̀nù dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù OptiPlex yìí. Nichicon òní dáa o, mi ò ní kẹ́ ẹ sá fún un. Ohun tí mò ń sọ ni pé kẹ́ ẹ má rí orúkọ kẹ́ ẹ wá sanwó.

Irú kápásítọ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ wá bọ́ọ̀dù tí gbogbo ẹ̀ jẹ́ gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní solid. Kò ṣòroó dá mọ̀: kì í sábà ní ọ̀rá lára, agolo fàdákà kékeré lásán ni, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lórí, kò sì ní ìlà K yẹn. Ìyàtọ̀ ẹ̀ wà nínú ooru. Kápásítọ̀ olómi tí wọ́n kọ wákàtí 2,000 sí ní dígírì 105, gbogbo ìgbà tí ooru bá fi dígírì 10 wálẹ̀, ọjọ́ ayé ẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ní 85 á jẹ́ 8,000, ìyẹn bí oṣù 11 fún sáfà tí kì í sùn, ní 65 á jẹ́ 32,000, ó lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta àtààbọ̀. Ti gbígbẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti 2,000 kan náà, ìlọ́po mẹ́wàá ló fi ń gùn ní gbogbo ìgbà tí ooru bá fi 20 wálẹ̀, ní 65 ó ti di 200,000, ó ju ogún ọdún lọ. Ẹ ò rí i pé kò jọra.

Tí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ síwájú yín, ẹ má jẹ́ kí dídán ẹ̀ tàn yín, burọ́ọ̀ṣì àti spirit ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ gbé e dàbùú sójú ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo orí gbogbo kápásítọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, èyí tó bá yọ sókè díẹ̀ báyìí á hàn. Ẹ wo ìdí wọn náà, gọ́ọ̀mù tí ilé iṣẹ́ fi lẹ̀ ẹ́ kì í ṣe omi tó jò o, ẹ má báwọn jà lórí ìyẹn. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, tí lẹ́ẹ̀dì (òjé tí wọ́n yọ́ fi lẹ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) ibì kan bá yàtọ̀ sí ti ibi tó kù, ẹnì kan ti tún ibẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì ṣí ojú ihò CPU, pín-ìn-nì wíẹ́wíẹ́ ibẹ̀ máa ń tẹ̀, bọ́ọ̀dù tó tìtorí ìyẹn kú pọ̀ ju èyí tí kápásítọ̀ pa lọ lójú tèmi.

Bọ́ọ̀dù sáfà tí Supermicro, Tyan tàbí ASRock Rack ṣe ni kẹ́ ẹ máa béèrè. Tí wọ́n bá fẹ́ ta èyí tí wọ́n tú lára Dell PowerEdge tàbí HP ProLiant fún yín ní pọ̀ọ́kú, ẹ má gbà, àpótí tiẹ̀ àti pawa páàkì (ohun tó ń pín iná fún un) tiẹ̀ nìkan ni púpọ̀ nínú wọn máa ń wọ̀. Pawa páàkì yẹn náà ní kápásítọ̀ o, tó bá jẹ́ ti àtijọ́ ẹ pa á pọ̀ pààrọ̀, ẹ má sì tú u wò, iná tó ju 300 fóòtì lọ lè ṣì wà nínú ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ ọ́ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Rípíárà yín ò parọ́, ó ṣe é pààrọ̀: iye uF (ìwọ̀n iná tó lè gbà jọ) kan náà, fóòtì tí kò dín sí ti tẹ́lẹ̀, dígírì 105, kó má sì gbé ẹsẹ̀ pọ́sítíìfù ẹ̀ sójú ihò nẹ́gátíìfù. Àmọ́ bọ́ọ̀dù sáfà nípọn, ó ń fa ooru áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì mu, áyọ́ọ̀nù kékeré á kàn ba ojú ihò jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó tún un ṣe, kẹ́ ẹ wá fi ṣe bákọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ ra òmíràn fún iṣẹ́ gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán mà. Mo fẹ́ to sáfà kékeré fún ṣọ́ọ̀bù òògùn ìyá mi, ti kámẹ́rà àti ti ìṣirò ọjà. Bọ́ọ̀dù géèmù kan wà tí wọ́n kọ Japanese capacitors gàdàgbà sára páálí ẹ̀, ṣé kò tó ni?
Àbúrò yín, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fún kámẹ́rà ó tó, ó tún ṣẹ́kù. Ti ìṣirò ọjà ni mi ò fọwọ́ sí, torí bọ́ọ̀dù géèmù púpọ̀ kì í lo mẹ́mọ́rì ECC tó ń tún àṣìṣe ara ẹ̀ ṣe, kò sì ní IPMI tí wàá fi jókòó sílé rí bí ooru àti iná inú ẹ̀ ṣe ń lọ. Tó o bá ra ti sáfà, rántí pé wọ́n ṣe é fún àpótí pẹlẹbẹ tí fáànù ti ń fẹ́ atẹ́gùn gbuurugbu láti iwájú. Tó o bá kì í bọ àpótí kọ̀ǹpútà lásán, irin tó bo ibi tí iná ti ń wọ CPU á gbóná janjan, kápásítọ̀ tó wà níbẹ̀ á sì jìyà ẹ̀. Ra fáànù kan sí i, kó kọjú síbẹ̀ tààrà, kó o sì máa gbọn eruku kúrò lára ẹ̀ tí ọyẹ́ bá ti dé.