Orílẹ̀-èdè wo ni àfonífojì Spiti wà, àwọn wo ló sì ń gbé ibẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh lórílẹ̀-èdè Íńdíà ni Spiti wà, lẹ́bàá ààlà Tibet. Ẹlẹ́sìn Buddha tí èdè wọn bá ti Tibet tan ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kaza, ìlú tó tóbi jù níbẹ̀, ga ju mítà 3,600 lọ. Ọkà báálì àti ẹ̀wà píìsì ni wọ́n ń gbìn. Ilẹ̀ oko kò pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nínú àṣà wọn àtijọ́, àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún rẹ̀. Àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sábà máa ń lọ di àlùfáà Buddha. Ilé àwọn àlùfáà tó wà ní Tabo ti wà láti ọdún 996. Yìnyín máa ń dí ọ̀nà òkè Kunzum tó wọ Spiti nígbà òtútù, àmọ́ ọ̀nà tó gba àgbègbè Kinnaur wọ ibẹ̀ sábà máa ń ṣí. Àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè nílò ìwé àṣẹ kó tó gba ti Kinnaur.