Báwo ni mo ṣe lè ran ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àdúgbò wa lọ́wọ́ ní Ìkòròdú?

Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ìyẹn CDA, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2008 fi ọwọ́ sí i. Ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé lọ́wọ́ akọ̀wé wọn.

Kí ẹ tó bá wọn kọ lẹ́tà kankan, ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọba tí àdúgbò yín wà lábẹ́ rẹ̀, torí pé, yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú fúnra rẹ̀, LCDA márùn-ún, ìyẹn agbègbè ìdàgbàsókè tí Ìpínlẹ̀ Èkó yọ lára ìjọba ìbílẹ̀, ló tún wà níbẹ̀: Àríwá Ìkòròdú, Ìwọ̀-Oòrùn Ìkòròdú, Ìgbógbó-Báyékù, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀ta.

Ní tèmi, ìrànlọ́wọ́ tó wúlò jù ni kí ẹ bá wọn wá àkọsílẹ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè àkọsílẹ̀, bí àpẹẹrẹ ti owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ojú àgbàrá, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 7, àyàfi bí òfin bá fún wọn ní àfikún ọjọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ó bá jẹ́ owó lẹ ní, ẹ gba rìsíìtì.