Ẹ ṣí fìlà lórí ọmọ yẹn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Agbẹ̀bí. Kétu ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi pé oṣù méjì. Àbúrò ọkọ mi fi fìlà òwú híhun ránṣẹ́ sí i láti Faransé. Ìyá ọkọ mi ní a ò gbọdọ̀ ṣí i tọ̀sán-tòru títí àwùjẹ̀ ọmọ á fi dì, kí òtútù má baà gba ibẹ̀ wọlé. Iwájú orí rẹ̀ ti ń yọ nǹkan wínníwínní báyìí. Ìpara wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má ra ìpara kankan, fìlà ni kí ẹ ṣí. Ó ń bí mi nínú bí wọ́n ṣe ń ta ìpara àwùjẹ̀ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́jà wa ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ wo ojú ibi tí etí fìlà ti fún un. Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni nǹkan náà pọ̀ sí jù, a jẹ́ pé ooru ni.

Àwùjẹ̀ kì í ṣe ihò. Awọ tó lágbára ló bò ó, egungun ni ò tíì pàdé. Láàárín oṣù 12 sí 18 ló sábà máa ń dì. Òtútù kì í gba ibẹ̀ wọlé. Tó bá jìn wọnú, omi ara ọmọ lè ti dín. Tó bá wú, tí ara ọmọ sì gbóná, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Àwọn kan á tún ní orí ni ooru ara ń bá jáde jù. Ìwé àwọn ológun Amẹ́ríkà ti ọdún 1970 ló sọ pé ó tó ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún 2008, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ já a pé kò rí bẹ́ẹ̀: orí àgbàlagbà kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ lọ. Ti ìkókó tó ìdá kan nínú márùn-ún. Ìdí nìyẹn tí a fi ń dé fìlà fún un kété tí a bá gbẹ̀bí rẹ̀, tí ara rẹ̀ ṣì tutù. Ṣùgbọ́n orí kan náà ni ooru fi ń rọ́nà jáde nígbà tí ilé bá móoru. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ oníṣègùn ọmọdé Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí a má dé fìlà fún ọmọ nínú ilé, yàtọ̀ sí àwọn wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí tàbí yàrá ìtọ́jú àkànṣe, nítorí ooru àpọ̀jù wà lára ohun tó ń dá kún ikú òjijì ìkókó lójú oorun. Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ o!

Kódà nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin lọ́dún 1571 pé kí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ju ọmọ ọdún 6 lọ máa dé fìlà irun àgùtàn lọ́jọ́ Ìsinmi, kì í ṣe torí òtútù, torí kí àwọn ahunfìlà lè ríṣẹ́ ṣe ni.

Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn ọmọ. Tó bá ń làágùn, ẹ dín aṣọ kù. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó tutù díẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Bí ẹ bá ń gbé e jáde láàárọ̀ ọyẹ́, ẹ dé e fún un, kí ẹ ṣí i tí oòrùn bá ti ràn.

Mi ò tíì fojú kan ọmọ náà. Tí nǹkan ọ̀hún bá ń ṣọyún, tàbí tí ìgbóná ara rẹ̀ bá tó 38°C, ẹ má dúró de èsì mi. Bí kò bá tó kílò méjì àtààbọ̀ nígbà tí ẹ bí i, ohun tí ilé ìwòsàn bá sọ nípa fìlà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Tí fìlà náà bá sì ní okùn tàbí ìṣù òwú lókè, ẹ gé e dànù kí ọmọ má fi dí ọ̀nà ọ̀fun.