Èsì: àbúrò tó ń lo oògùn kó lè sanra

Ẹ kúulé o àǹtí. Ẹ ní àbúrò yín tó wà ní lísè níbí l'Ájàṣẹ́ ń gbé hóró oògùn mì kó lè sanra kó sì ní ìdí, torí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é ní eegun, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ da gbogbo ẹ̀ sí ṣáláńgá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dà á nù! Àwọn hóró tí wọ́n ń tà láìní páálí lọ́jà yẹn, dexaméthasone (oògùn líle tí dọ́kítà fi ń wo ara wíwú) ló sábà máa ń wà ńbẹ̀, tàbí cyproheptadine, nígbà míì méjèèjì. Cyproheptadine, oògùn ara yíyún ni, ebi àti oorun ló ń fà. Dexaméthasone gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, ojú á wú, ikùn á yọ, àmọ́ apá àti itan á máa tín-ín-rín (ìdí tó ń wá kọ́ nìyẹn o), ó tún lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà, tó bá sì ti pẹ́ tó ti ń lò ó tó wá dá a dúró lójijì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè lọ sílẹ̀ kó dákú. Ẹ kó oògùn yẹn dání, ẹ mú un lọ bá dọ́kítà ní CHUD, ilé ìwòsàn ńlá ìjọba níbí l'Ájàṣẹ́, àwọn ni wọ́n máa sọ bí á ṣe dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ fẹ̀sọ̀ bi í bóyá ó ń bì lẹ́yìn oúnjẹ tàbí ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sọ ìyẹn náà fún dọ́kítà. Kẹ́ ẹ sì bá àwọn ará ilé wí, àwa àgbà la máa ń kí ọmọ pé "o mà rù o!" kó tó jókòó. Ta ló tiẹ̀ ń ta oògùn yẹn fún un?