Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹyin tó ṣàjèjì lábẹ́ àparò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn àparò mi pé ọ̀sẹ̀ 7, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé, àmọ́ ẹyin wọn kò bára mu. Ọ̀kan kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, òmíràn funfun láìní àmì kankan, òmíràn kò ní èèpo rárá. Ṣé àrùn ni?

Ìdáhùn: Ẹ fọkàn balẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni àparò ọ̀sìn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yé, irú ẹyin bẹ́ẹ̀ sì wọ́pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ara abo náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni. Pupa ẹyin gbọ́dọ̀ já bọ́ sínú ọ̀nà ẹyin, kí funfun yí i ká, kí awọ tínrín bò ó, kí èèpo tó wá le lé e lórí. Gbogbo rẹ̀ ń gbà tó ọjọ́ kan, èèpo ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà. Bí funfun bá ṣe ara rẹ̀ láìrí pupa, ẹyin kékeré nìyẹn. Bí pupa méjì bá já bọ́ pọ̀, ẹyin á tóbi jù. Bí ẹyin bá sáré kọjá, awọ nìkan ni yóò bá jáde.

Ti ẹyin funfun yẹn, àwọ̀ ló ń gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ náà. Wákàtí díẹ̀ kí ẹyin tó jáde ni ara ẹyẹ ń kun èèpo. Ẹ mú ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́, tó ṣì lómi lára, kí ẹ fi ìka nù ún: àwọ̀ á ràn mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó bá jáde ṣáájú àkókò kò ní rí àwọ̀ gbà. Èyí tó pẹ́ jù nínú, bóyá nítorí pé nǹkan dẹ́rù ba ẹyẹ, lè jáde pẹ̀lú nǹkan funfun bí ẹfun lára.

Ohun kan tó máa ràn yín lọ́wọ́: àmì ara ẹyin abo kọ̀ọ̀kan kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹ máa wò ó dáadáa, láìpẹ́ ẹ ó mọ ẹni tó ni ẹyin wo, ẹ ó sì mọ̀ bóyá abo kan ṣoṣo ló ń ṣe ségesège tàbí gbogbo wọn.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n da ìkarahun lílọ̀ sínú oúnjẹ wọn kí èèpo ẹyin lè le. Báwo ni kó ṣe pọ̀ tó?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sínú oúnjẹ. Akọ pẹ̀lú á jẹ ẹ́, àjẹjù kálísíọ́mù, èròjà inú ìkarahun tó ń mú èèpo le, sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Abọ́ tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ bù ú sí, abo tó nílò rẹ̀ á lọ jẹ ẹ́. Kó rí wóróworo, kó má kúnná bí ìyẹ̀fun, torí wóró ń pẹ́ nínú iwe, ó sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lóru nígbà tí ẹyẹ kò jẹun. Oúnjẹ gan-an kó jẹ́ ti ẹyẹ tó ń yé: purotéènì bíi 20%, kálísíọ́mù 2.5 sí 3.5%. Àti omi! Àparò tí omi rẹ̀ gbẹ fún wákàtí mélòó kan lè dá ẹyin dúró. Bí ẹyin aláwọ nìkan bá ṣì ń jáde léraléra lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó fura sí àrùn.

Ìbéèrè: Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹyin méjì. Abo kan sì káwọ́ gbera, ó wú ìyẹ́, kò jẹun.

Ìdáhùn: Ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ lára ẹyin àkọ́kọ́ kì í ṣe nǹkan bàbàrà, ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ ihò ìdí àwọn abo náà wò. Bí ẹran inú bá yọ síta lára ọ̀kan, ẹ yà á sọ́tọ̀ kíákíá, torí àwọn yòókù á máa ṣá a, wọ́n sì lè ṣá a pa. Iná tí a tàn jù nígbà tí ara wọn kò tíì gbó ló sábà ń fà á. Wákàtí 14 ìmọ́lẹ̀ lójúmọ́ ti tó, díẹ̀díẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ máa fi kún un dé ibẹ̀.

Èyí tó wú ìyẹ́ yẹn, ó jọ pé ẹyin há a. Ẹ fi ìdajì ara rẹ̀ ìsàlẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, 38 sí 40°C, fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi òróró díẹ̀ pa ihò ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sínú àpótí tó móoru tó sì ṣókùnkùn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn, ẹ má sì fọ́ ẹyin náà sínú: èèpo tó fọ́ á gé e. Bí ẹyin náà kò bá tètè bọ́, ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè jẹ wọ́n, tàbí kí n kó wọn sínú ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin?

Ìdáhùn: Kékeré, funfun, olópupa méjì, gbogbo wọn ló ṣeé jẹ. Ẹ sọ èyí tí kò léèpo nù, torí kòkòrò àrùn ń wọ̀ ọ́. Ti pípa ẹyin, ẹ ní sùúrù dìgbà tí abo bá pé ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, kẹ́ ẹ wá ṣa èyí tó wọn gíráàmù 10 sí 12, tí ara rẹ̀ dán, tí orí rẹ̀ kò sì wọ́. Akọ kan sí abo mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ retí ọmọ ní ọjọ́ 17 tàbí 18.